Ẹ wọn láfún kí ẹ tó gba ìjọba nímọ̀ràn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò oúnjẹ Abẹ́òkúta lè tọ́jọ́, kó bẹ̀rẹ̀ látorí láfún. Ẹ gbé ẹ̀gẹ́ tútù 100 kilo sórí òṣùwọ̀n. Kóńgò kọ́ o. Ìsàlẹ̀ kóńgò ẹlòmíì ti wọnú. Ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn bíbó, lẹ́yìn rírẹ fún ọjọ́ 3 sí 5, àti nígbà tó bá gbẹ. Láfún kilo 20 sí 25 dáa. Bó bá dín gan-an, ẹ wádìí ọ̀nà oko: ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti hú kì í ju ọjọ́ 2 sí 3 lọ kó tó bàjẹ́. Ó sì lè jẹ́ òjò ló jẹ́ kó bu lórí ibi tí wọ́n sá a sí. Omi tí wọ́n fi rẹ ẹ́ ńkọ́? Májèlé inú ẹ̀gẹ́ ti wọ inú rẹ̀. Ẹ kọ ibi tí wọ́n ń dà á sí sílẹ̀. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn, kí ẹ tún un ṣe lójò.