Agolo Pringles Lérè Tèmi

Ká sọ tòótọ́, ìpékeré tí wọ́n ń tà ní Panṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta níbí, dùn ju Pringles, ìpékeré pòtétò inú agolo yẹn, lọ. Agolo rẹ̀ ni mò ń lé ní tèmi. Inú ẹ̀ ni mo ń kó ìyẹ́ adìyẹ tí mo fi ń ya ẹ̀kọ sára àdìrẹ sí ní Ìtòkú. Kì í tẹ̀, ó sì ní ìdérí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń jẹ ohun inú ẹ̀.

Wọn kì í gé pòtétò náà o. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ni wọ́n ń pò, tí wọ́n ń tẹ́ pẹlẹbẹ, kí wọ́n tó gé e lọ́gbọọgba, kí wọ́n sì dín in. Ìdí nìyẹn tó fi ń tò léra.

Fredric Baur, ará Amẹ́ríkà tó ṣe agolo náà, kú ní 2008. Wọ́n sun òkú ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ kó díẹ̀ nínú eérú ẹ̀ sínú agolo Pringles, wọ́n sì sin ín. Ẹ jọ̀ọ́, pósí ni kẹ́ ẹ rà fún èmi!