Montevideo: Ẹ Má Tètè Dúpẹ́

Ní Montevideo, olú ìlú Úrúgúáì, fúláàsìkì omi gbígbóná kì í kúrò lábẹ́ apá àwọn èèyàn, àtakẹ́kọ̀ọ́ àtòṣìṣẹ́, títí kan bàbá arúgbó tó ń rìn gbẹ̀fẹ́ létí omi. Igbá máté, ewé tí wọ́n ń da omi gbígbóná sí mu, ló wà lọ́wọ́ kejì. Ẹni tó bá na igbá yẹn sí yín ti gbà yín tọwọ́tẹsẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àlejò ti sábà máa ń ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bu omi fún gbogbo agbo. Á da ewé gbígbẹ tí wọ́n ti lọ̀ sínú igbá dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, á mì í kí ewé lè wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á wá rọra da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí ibi tó jin kí ewé lè wú. Lẹ́yìn náà ló máa ki ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń fà á mu bọ̀ ọ́. Omi tó tẹ̀ lé e kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 80°C lọ. Omi híhó máa ń jó ewé, á korò, adùn rẹ̀ á sì tètè tán. Ẹni tó ń bu omi ló ń mu àkọ́kọ́, torí òun ló korò jù.

Bó bá kàn yín, ẹ fà á tán títí ọ̀pá á fi dún, kí ẹ dá igbá padà. Ẹ má fi ọ̀pá náà rò ó bí ẹni ń ro ẹ̀kọ: ewé á dí ihò rẹ̀. Ẹ má sì sọ “gracias” àfi tó bá ti tó yín, torí ẹni tó bá dúpẹ́, wọ́n á fò ó dá. Àwa tí ọpẹ́ kì í jìnnà sí ẹnu wa ni èyí máa ń mú jù. Ẹni tí kò bá fẹ́ àjùmọ̀fẹnumu, kó kọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mercado del Puerto, ọjà tí wọ́n fi irin kọ́, tí wọ́n ṣí létí èbúté ní 1868, ni gbogbo èèyàn máa ní kẹ́ ẹ lọ. Ẹran ibẹ̀ dùn lóòótọ́. Wọ́n á jó igi nínú apẹ̀rẹ̀ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹyin iná nìkan ni wọ́n á wọ́ sábẹ́ ẹran. Iye tí wọ́n ń tà á ni kò dùn, iye tí wọ́n ń bù fún àlejò pọ́ńbélé ni. Kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ bi wọ́n nípa “cubierto”, ìyẹn owó àwo àti búrẹ́dì tí wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ì báà má fọwọ́ kan búrẹ́dì ọ̀hún. Ẹ tún ka nǹkan bí 10% mọ́ ọn fún agbáwo. Ká ní èmi ni yín, màá mu ife “medio y medio” kan níbẹ̀, wáìnì funfun tí wọ́n pò mọ́ èyí tó ń hó, màá sì lọ jẹ chivito níbòmíì. Búrẹ́dì ni, wọ́n ki ẹran màlúù pẹlẹbẹ, ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wàràkàṣì, ẹyin àti tòmátì sí i, wọ́n sì bu ọ̀dùnkún díndín tì í. Ẹyọ kan tó ẹni méjì.

Nírọ̀lẹ́ Sunday, ẹ lọ wo candombe, ìlù tí wọ́n ń lù kiri títì, ní àdúgbò Barrio Sur tàbí Palermo. Wọ́n á ti dá iná páálí àti igi sẹ́bàá títì, ìlù á yí i ká, torí ọ̀rinrin òkun máa ń mú kí awọ dẹ̀. Bí iná bá ṣì ń jó, ẹ ò tíì pẹ́. Chico, ìlù tó kéré jù, ò ní yí ohùn padà títí wọ́n á fi ṣe tán. Ìlù repique ló ń dá àrà, ìlù ńlá tí wọ́n ń pè ní piano sì ń dún nísàlẹ̀. Ọ̀pá kan àti àtẹ́lẹwọ́ kan ni wọ́n fi ń lù wọ́n. Ẹ máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má gba àárín ìlà onílù kọjá. Ẹ má sì yára sọ pé tiwa ni candombe yìí: àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ìhà Kóńgò àti Àngólà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dá a sílẹ̀.

Tiwa gangan ni ti February 2, ọjọ́ Yemọja, tó gba Bràsíl dé ọ̀dọ̀ wọn. Etíkun Ramírez máa ń kún fún aláṣọ funfun àti búlúù. Wọ́n ń fi òdòdó àti bàrà sínú ọkọ̀ ojú omi kéékèèké, wọ́n ń tì í lọ sínú omi. Àárín ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú iyanrìn ni wọ́n ń tan àbẹ́là sí kí afẹ́fẹ́ má bàa pa á. Bílẹ̀ bá ti ṣú, ẹ máa wo ibi tẹ́ ẹ ń tẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya ẹni tó ń gbàdúrà ní fọ́tò.