Ìyá Ìyàwó nínú Ààrò Tòkunbọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ máa ń tẹ hóònù wò, á fọwọ́ pa awọ ìjókòó, á tan rédíò. Bàbá Ìbejì ṣe gbogbo ìyẹn. Àárọ̀ Sọ́ńdè ló lọ wo mọ́tò náà, títì ṣófo. Ẹni tó fẹ́ tà á ti tan AC kó tó dé, inú ọkọ̀ tutù bí ìsọ̀ ẹlẹ́ja yìnyín. Wọ́n sáré lọ, wọ́n sáré bọ̀, ọwọ́ géèjì tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó hàn ò kúrò láàárín. Ó sanwó.

Ní Sátidé, ó gbé ìyá ìyàwó rẹ̀, wọ́n forí lé òde ìgbéyàwó n'Ìbàdàn. Gèlè Màmá ga débi pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi wọ mọ́tò. Ibi tí wọ́n ti ń ta àgbò ní Kara ni sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti mú wọn. Bàbá Ìbejì ro owó epo, ó pa AC.

"Bàbá Ìbejì, AC ńkọ́?"

"Epo ló ń jẹ, Màmá. Ẹ jẹ́ ká ṣí fèrèsé, atẹ́gùn Ọlọ́run wà níta."

Atẹ́gùn Ọlọ́run ọ̀hún, òórùn àgbò ló gbé wọlé.

Kò pé ìṣẹ́jú 10, ọwọ́ géèjì gbéra, ó ń lọ sí H. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn iwájú ló ń tu rẹdiétọ̀, ibi tí omi ẹ́ńjìnnì ti ń tutù, lára; bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Fáànù tiwọn ò sì yí. Bàbá Ìbejì pe mẹkáníìkì rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ tan hítà, ẹ gbé e dé òpin."

Ìmọ̀ràn gidi ni o. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ni hítà ń lò, bíi rẹdiétọ̀ kékeré kejì ló rí. Àmọ́ inú mọ́tò ló ń da ooru tó bá fà sí. Ká tó wí ká tó fọ̀, páńkéèkì ojú Màmá ti ṣàn dé ọrùn, gèlè ti dẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Èéfín ló dá wọn dúró. Ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó nawọ́ sí ìdérí rẹdiétọ̀. Ọmọ tó ń ta píọ̀ wọ́tà pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣí i! Á bó yín lójú!" Òótọ́ ló sọ. Ìdérí yẹn ló há omi mọ́lẹ̀ tó fi gbóná kọjá ibi tó yẹ kó ti hó. Ẹ ṣí i báyìí, omi á fò jáde bí ọ̀yà.

Wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú 40. Ó fi àkísà nípọn yí ìdérí díẹ̀díẹ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó wá ń bu omi sí i ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, torí omi tútù tó bá ya lu irin gbígbóná lè la hẹ́ẹ̀dì ẹ́ńjìnnì. Lítà 4 ló gbà, ọ̀rá 8. Odindi àpò ọlọ́rá 20 ló sì rà. Màmá mu 2, wọ́n fi 10 tó kù bọ́jú, wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀.

Mẹkáníìkì tún pè. "Ọ̀gá, ẹ tan AC ká gbọ́."

Ó tan án. Fùùù! Fáànù ń yí.

Sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún fáànù pé omi ti gbóná ló kú. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, AC máa ń tan fáànù fúnra rẹ̀, ooru wà o, ooru ò sí o. Ẹni tó tà á mọ̀. Ìdí tó fi tan AC sílẹ̀ dè é nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò, ẹ pa AC, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, títí fáànù á fi tan fúnra rẹ̀. Kí ó sì jẹ́ mọ́tò tí ẹ lè rí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ rà ní Ládípọ̀, ọjà pátì mọ́tò l'Ékòó, lọ́jọ́ kan náà; awọ ìjókòó ò wúlò ní Kara.

Màmá tún gèlè wọn wé, wọ́n kojú sí ihò AC.

"Àbí mi ò béèrè?"

Títí wọ́n fi dé Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó tún dárúkọ owó epo.