Ìyá ló máa ń kọ́kọ́ lọ

Ẹsẹ̀ ń ro mí, kantíkantí Scotland ti fi ọrùn mi jẹun yó. Loch Garten la lọ lónìí, adágún kan láàárín igbó páìnì ní Abernethy, omi ẹ̀ pọ́n dúdú bí àgbo, òkè Cairngorm wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin tó ń ṣàlàyé osprey, àṣá tó ń pẹja jẹ yẹn, fáwọn àlejò ni ò jẹ́ n gbádùn. Ẹnì kan bi í pé ìyá àwọn ọmọ ẹyẹ náà dà, ló bá ní "ìyá ló máa ń kọ́kọ́ lọ." Wẹ́rẹ́ báyẹn. Pé táwọn ọmọ bá ti ń fò, tí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, ìyá á gbéra ó di ọ̀nà Senegal àti Gambia, bàbá á dúró máa pẹja fọ́mọ. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ìyá ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Kò sẹ́ni tó bi ẹyẹ yẹn pé irú abiyamọ wo nìyí o. Ẹ ṣáà mọ ẹni tó bi èmi.

Àmọ́ ẹyẹ yẹn dúró títí ọmọ fi lè fò, tèmi ńkọ́, èyí àbúrò ò tíì mọ okùn bàtà so… ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Bàbá wọn ń gbìyànjú jàre. Ẹ̀wà tó sè lánàá jóná, wọ́n sì jẹ ẹ́.

Ẹyẹ kékeré kan, coal tit, bà lé àtẹ́lẹwọ́ mi kó lè jẹ ẹ̀pà, kò wúwo rárá! Mo pariwo bí ọmọdé. Ọ̀kẹ́rẹ́ pupa náà wá gba tiẹ̀.

Ìbọn àtàwọn tó ń kó ẹyin ló pa osprey run níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, 1954 ni wọ́n padà wá pamọ, síbẹ̀ ní 1958 olè tún gun igi lóru lọ kó ẹyin, àwọn èèyàn wá ń ṣọ́ ìtẹ́ tọ̀sán tòru. Ìyá ọkọ mi náà ń ṣọ́ tèmi, Ọlọ́run á san án fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu wọn…

Wọ́n ní tọkọtaya yẹn kì í jọ rìn, kì í jọ gbé ní Áfíríkà, lóṣù kẹrin ni wọ́n máa ń tún pàdé lórí ìtẹ́. Ìyẹn tù mí nínú. Rárá, kò tù mí nínú, ẹyẹ ò gba físà.

Mo ti ń pe bàbá wọn láti ìrọ̀lẹ́, kò gbé e. Aago wa sì bára mu lásìkò yìí o, kò ní lè sọ pé òun ti sùn.