Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ fà á

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin Paris ọdún 1789 yìí ò kúrò lọ́kàn mi láti àná o. Yìnyín ti ba oko jẹ́ ní 1788, òtútù tó tẹ̀lé e tún le gan-an, búrẹ́dì wá wọ́n débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo owó iṣẹ́ òòjọ́ tálákà lọ, tálákà yìí náà ló tún ń san owó orí jù, àwọn ọlọ́lá ò san tiwọn bó ṣe yẹ. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíì wọ̀ ọ́. Ní October 5, àwọn obìnrin ọjà kó ọ̀bẹ, kó ọ̀kọ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn bíi 20 kìlómítà nínú òjò lọ bá Louis kẹrìndínlógún, ọba ilẹ̀ Faransé, ní ààfin ẹ̀ ní Versailles.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, èrò já wọ ààfin, wọ́n pa ẹ̀ṣọ́ méjì, wọ́n gé orí wọn, wọ́n fi ọ̀kọ̀ gbé e sókè. Ibí yìí ló dùn mí jù, torí àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn kọ́ ló gbówó lé búrẹ́dì. Ayaba Marie-Antoinette sáré gba ilẹ̀kùn kọ̀rọ̀ lọ sí yàrá ọba, ìyẹn ló yọ ọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n kó ọba àti ìdílé ẹ̀ lọ sí Paris, kò sì padà gbé Versailles mọ́ títí wọ́n fi bẹ́ ẹ lórí ní 1793.