Bertolt Brecht àti Eré Tí Ń Béèrè Ìdí

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré orí ìtàgé níbí ní Adó-Èkìtì, kò sí òǹkọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè tí mo máa ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀ tó Bertolt Brecht, tí wọ́n bí ní ìlú Augsburg ní Jámánì ní ọdún 1898. Kò fẹ́ kí òǹwòran kàn sunkún kí ó sì gbàgbé; ó máa ń fi orin dá eré dúró, àwọn òṣèré rẹ̀ a sì kọjú sí èrò, kí kálukú lè máa béèrè ìdí tí tálákà fi jẹ́ tálákà. Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí wa rárá, nítorí apàlọ́ wa náà máa ń dá ìtàn dúró kí agbo lè gbe orin.

Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Jámánì jóná ní oṣù Kejì ọdún 1933, ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Brecht sá kúrò nílùú nítorí ìjọba Hitler. Ó di Amẹ́ríkà, ó tún di Ìlà-Oòrùn Berlin, níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀, Helene Weigel, ti dá ẹgbẹ́ òṣèré Berliner Ensemble sílẹ̀ ní 1949. Ó kú ní 1956.

Eré olórin rẹ̀ nípa àwọn alágbe àti olè, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Berlin ní 1928, ni Wọlé Ṣóyínká gbé Opera Wonyosi kà, tí wọ́n sì ṣe é ní Ifẹ̀ ní 1977. Nígbà tí a kà á pọ̀, ọmọbìnrin kan bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èyí ni, àbí ọ̀dọ̀ wa?”