Gééjì epo Mini àtijọ́ tó ń parọ́: ẹ má tíì fọwọ́ kan tánkì

Ọ̀rọ̀ gééjì epo ni mo bá wá o. Mọ́tò Mini àtijọ́ ni mo ń wa, ohun tí gééjì ẹ̀ sì fojú mi rí kì í ṣe kékeré, àmọ́ mo rí ẹ̀kọ́ kọ́ nínú ẹ̀. Gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá sọ fún pé gééjì epo yín ò sọ òótọ́ mọ́, flóòtì inú tánkì, ìyẹn ohun tó ń léfòó lórí epo tó sì ń jẹ́ kí gééjì mọ bó ṣe kù, ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, wọ́n á ní ẹ yọ ọ́ dànù kẹ́ ẹ ra tuntun, bẹ́ẹ̀ flóòtì yẹn lè má mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀ rárá. Kẹ́ ẹ tó náwó, kẹ́ ẹ tó máa fa epo jáde nínú tánkì, ẹ wo gééjì kejì ná, ìyẹn èyí tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó.

Ti tèmi, tí mo bá fi epo kún tánkì, abẹ́rẹ́ á kọjá F, ìyẹn ojú ibi tí epo kún, á lọ fara ti etí gééjì lọ́hùn-ún, tí epo bá sì ti fẹ́ tán, á ṣì máa fi ìdajì hàn mí. Ẹni tó bá gba irú gééjì yẹn gbọ́, títì ló máa ti mọ́tò délé. Àṣé gééjì ooru náà ń lọ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ́ńjìnnì ò sì gbóná, omi ò hó, fáànù ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ. Gééjì méjì tó ń parọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọn méjèèjì sì ń bù ú pọ̀, ojú ibì kan náà ni wọ́n ti ń gba iná. Ibẹ̀ lẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ pé ti epo nìkan ló ń ṣe ségesège, tí ti ooru dúró dáadáa, nígbà yẹn lẹ tó lè máa fura sí tánkì àti wáyà ẹ̀.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Láti 1959 ni wọ́n ti ń ṣe Mini yìí títí di 2000, kì í ṣe gééjì kan náà ni wọ́n lò látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tẹ́ ẹ bá tan kọ́kọ́rọ́ tí abẹ́rẹ́ fò sókè lójú ẹsẹ̀, irú ti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ stabilizer, ìyẹn ohun tó ń mú kí iná gééjì dúró sójú kan, tí mo fẹ́ sọ yìí ò kàn yín. Àmọ́ tó bá ń rọra gòkè bí ẹni tí ò fẹ́ lọ, ooru ló ń gbé e. Irin pẹlẹbẹ oríṣi méjì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra ló wà nínú ẹ̀, wọ́n wé wáyà tín-ínrín mọ́ ọn lára, tí iná bá gba inú wáyà kọjá, irin á gbóná, á tẹ̀, á ti abẹ́rẹ́ lọ sókè. Flóòtì inú tánkì ló ń pinnu bí iná tó máa kọjá ṣe máa pọ̀ tó. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé iná bátìrì kì í dúró sójú kan, ó lè jẹ́ 12 fóòtì tí ẹ́ńjìnnì ò bá ṣiṣẹ́, kó sún mọ́ 14 tó bá ti ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n bá fà á tààrà wá sí gééjì, epo á máa pọ̀ sí i lójú yín nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá tẹná. Ìdí tí wọ́n fi fi stabilizer sẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù nìyẹn, kékeré báyìí ni, òun ló ń já iná wálẹ̀ sí 10 fóòtì fún gééjì méjèèjì.

Ọ̀nà tí stabilizer àtijọ́ fi ń já iná wálẹ̀ ló wù mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kì í dín in kù o, ṣe ló ń ṣí i tó tún ń pa á, bí ẹni tó ń ṣí ẹ̀rọ omi tó tún ń tì í kí garawa má kún jù, tẹ́ ẹ bá wá pín in dọ́gba, 10 ló máa jẹ́. Nítorí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fi mítà onínọ́ńbà wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà á kàn máa fò kiri, ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé ó ti bàjẹ́. Gílóòbù kékeré ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Tó bá ń tàn tó ń kú, ó ń ṣiṣẹ́. Tó bá tàn kalẹ̀ tí ò kú rárá, gbogbo iná bátìrì ló ń gbà kọjá, ohun tó sì máa ń fa ìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà ni pé ara ẹ̀ ò kan bọ́dì mọ́tò mọ́, tórí ibẹ̀ ló ti ń rí ọ̀nà tó fi ń pa iná.

Ohun tó ṣe tèmi gan-an nìyẹn. Mo tú wáyà bátìrì, mo tú gééjì síwájú, mo rí i níbi tí wọ́n ti fi síkúrú kan ṣoṣo dè é, nígbà tí mo yọ síkúrú yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ ti dípẹtà, ó ti di àwọ̀ búráùn, lẹ́búlẹ́bú ń bọ́ sílẹ̀. Sánpépà ni mo fi ha á títí irin fi ń dán, mo ha ibi tó jókòó sí náà, mo wá fa wáyà kan látara ẹ̀ lọ sára bọ́dì kí n lè sùn dáadáa. Bí mo ṣe tẹná báyìí, gééjì ooru padà sí àárín, ti epo náà kúrò lókè F. Kò ná mi ní kọ́bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá máa dá èyí àtijọ́ padà, ẹ jẹ́ kó dúró lóòró, kí B (ojú iná bátìrì) àti E (ojú tó kan bọ́dì, kì í ṣe E ti gééjì) tí wọ́n kọ sí i lára wà lókè, kó má fì ju dígíríì 20 lọ, torí ooru ló ń lò. Ti ayé òde òní tó jẹ́ ẹlẹ́kitíróníìkì, ẹ lè fi síbikíbi, inú ọ̀pọ̀ ẹ̀ ò ju 7810 kan lọ, ìyẹn ẹ̀yà ẹlẹ́kitíróníìkì kékeré tó ń já iná wálẹ̀ sí 10 fóòtì. Èmi fara mọ́ ọn ju ti àtijọ́ lọ, kò sí irin tó ń tẹ̀ tó ń nà nínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ kàn ṣọ́ra pé àwọn Mini tó dàgbà jù, positive bátìrì ni wọ́n fi kan bọ́dì, tẹ́ ẹ bá fi èyí tí wọ́n ṣe fún mọ́tò tí negative kan bọ́dì sí i, ẹ ti sun ún nìyẹn.

Tèmi ò tíì tán síbẹ̀ ṣá. F ti dáa, àmọ́ tí epo bá fẹ́ tán, abẹ́rẹ́ ò dé E, ìyẹn ojú òfo. Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ wá kan tánkì. Wáyà gíríìnì tó ní ìlà dúdú ló ń ti gééjì lọ sí tánkì. Ẹ yọ ọ́ lára flóòtì, ẹ tan kọ́kọ́rọ́, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ sùn sórí E. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ so wáyà yẹn mọ́ bọ́dì tó mọ́, kẹ́ ẹ tó tún tàn án, abẹ́rẹ́ á gòkè lọ sí F, tó bá ti débẹ̀ kẹ́ ẹ pa á, ẹ má fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé mo ní kẹ́ ẹ so ó kẹ́ ẹ tó tan kọ́kọ́rọ́, a ò fẹ́ kí iná ta nítòsí epo. Tó bá ṣe méjèèjì dáadáa, gééjì àti wáyà ò ní ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ wá yọ flóòtì. Nínú Mini oníbúùtù (saloon), inú búùtù ni tánkì wà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì ni flóòtì jókòó sí, kì í ṣe orí, nítorí náà tí epo bá ṣì ga ju ojú ihò yẹn lọ, inú búùtù ló máa dà sí. Ẹ fa epo kúrò, ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ yọ bátìrì, kò sí sìgá, kò sí gílóòbù oníwáyà. Òrùka tó dè é, igi tàbí idẹ ni kẹ́ ẹ fi rọra gbá a yí, kì í ṣe irin.

Tó bá ti jáde, ẹ mi flóòtì sétí. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ epo nínú ẹ̀, ó ti jò, kò ní léfòó mọ́. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n bẹ́ ẹ ṣe ń gbé apá ẹ̀: nísàlẹ̀ pátá, nǹkan bíi 240 ohm (ohm ni wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), lókè pátá, bíi 20 sí 30. Kó máa lọ díẹ̀díẹ̀ ni, tó bá ń fò, wáyà inú ẹ̀ ti jẹ. Tèmi ò jò, kò jẹ, apá ẹ̀ ló ti tẹ̀. Mo ti rí tuntun tó burú ju àtijọ́ lọ, tó ń fi ìdajì hàn nígbà tí epo ò ju ìdá mẹ́rin kan lọ, nítorí náà tí èyí àtijọ́ bá ṣì wọ̀n dáadáa, ẹ má sọ ọ́ nù.

Nígbà tí flóòtì gbẹ dáadáa, mo gbé e jìnnà sí epo, mo so ó mọ́ wáyà ẹ̀ àti bọ́dì, mo wá ń fi púláyà tẹ apá ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. E ni mo tò, mi ò da F láàmú. Tí F bá parọ́, kò sẹ́ni tó máa kú sí i, ẹni tí E bá parọ́ fún ló máa fẹsẹ̀ rìn.

Tánkì àwọn ti àkọ́kọ́ ń gba lítà 25, ti ẹ̀yìn 34. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ máa da lítà márùn-ún márùn-ún sí i, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan kí abẹ́rẹ́ tó jókòó, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Kò ní pín dọ́gba, ẹ má jà á, ìwé yẹn lẹ máa fi wa mọ́tò. Ihò kékeré méjì wà lẹ́yìn gééjì tí wọ́n fi ń tò ó, èmi ò fọwọ́ kàn án, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú ẹ̀ àfi tí gbogbo èyí ò bá ṣiṣẹ́.

Rọ́bà tuntun ni kẹ́ ẹ fi sábẹ́ òrùka yẹn o. Tẹ́ ẹ bá kún tánkì, tó di ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ ṣí búùtù tí òórùn epo kọlù yín, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà ti ká nígbà tẹ́ ẹ ń yí òrùka, ẹ fa epo kúrò kẹ́ ẹ tún un fi.